Bí Géèmù Bá Ń Falẹ̀ Lórí Emulator, Ta Ni Kí A Mú?

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lálẹ́ òní ni ti àwọn géèmù àtijọ́ tí à ń fi emulator gbá lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Kí ni ó ń mú wọn falẹ̀? Kí ni ó ń ba àwòrán wọn jẹ́? Báwo ni a sì ṣe lè tún un ṣe?

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni a pè sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kò yẹ kí ó yà wọ́n lẹ́nu. Emulator kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè gbé lọ́wọ́. Ètò kọ̀ǹpútà ni, iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an ni ó sì ń ṣe. Ẹ̀rọ géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀. Èdè tí Super Nintendo gbọ́, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní Jàpáánì ní 1990, yàtọ̀ sí èdè tí PlayStation gbọ́, èyí tí ó jáde ní 1994. Kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì wa kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Emulator ni ó jókòó sí àárín: géèmù ń sọ èdè tirẹ̀, emulator ń gbọ́, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí eré bá falẹ̀ tàbí tí àwòrán bá wọ́, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a wò, kí á tó sọ pé kí bàbá ọmọ lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí eré bá ti falẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo ìfalẹ̀ jọ fi ń wò wá, ṣùgbọ́n okùnfà wọn kò jọra. Ohun tí mo fẹ́ kí á mú dání lálẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí á mọ òṣìṣẹ́ tí ó ń pẹ́ kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí á má sì fi òtítọ́ eré náà ra ìyára láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ó máa ń ta kókó sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ọpọlọ Super Nintendo kò yára ju ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 3.58 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà òde òní ń ṣe ju bílíọ̀nù 3 lọ. Èéṣe tí kọ̀ǹpútà tí ó fi bí ìlọ́po 800 yára jù ú fi lè máa mí hẹlẹ? Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí byuu, tí ó ṣe emulator tí ń jẹ́ bsnes, kọ àlàyé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2011. Kókó ibẹ̀ ni pé nínú Super Nintendo, ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹ̀yà tí ń ṣe ohùn, àti ẹ̀yà tí ń ya àwòrán ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fojú inú wo ògbufọ̀ ní kóòtù, tí adájọ́, agbẹjọ́rò àti ẹlẹ́rìí ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí òun nìkan sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ kí ti ẹnì kan ṣíwájú ti ẹnì kejì. Kì í ṣe pípọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń dá a lágara. Ìdúró-wò-ẹ̀yìn nígbà gbogbo ni.

Oríṣi ògbufọ̀ méjì ni ó sì wà. Ọ̀kan ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń jáde lẹ́nu. Bí a bá sọ gbólóhùn kan náà nígbà ẹgbẹ̀rún, ìgbà ẹgbẹ̀rún ni yóò túmọ̀ rẹ̀. Èkejì ń túmọ̀ odidi ìpínrọ̀, ó ń kọ ìtumọ̀ náà sílẹ̀, bí wọ́n bá sì tún un sọ, kíkà ni yóò kàn kà á. Èkejì yìí ni àwọn emulator ń pè ní recompiler tàbí JIT. Ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, òun sì ni àwọn emulator bíi Dolphin, tí ó wà fún GameCube àti Wii, fi ń rí iṣẹ́ wọn ṣe. Nítorí náà, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìyí: ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ Settings sí, kí ẹ rí i dájú pé JIT ni a yàn, kì í ṣe interpreter. Mélòó nínú ìfalẹ̀ ni kò ju pé ẹnì kan tẹ ibi tí kò yẹ kí ó tẹ̀!

Àyẹ̀wò kejì ni kí á mọ̀ bóyá ìfalẹ̀ kan tilẹ̀ wà rárá. Púpọ̀ nínú àwọn emulator máa ń fi nọ́ńbà méjì hàn lójú awò: iye àwòrán tí ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti ìdá-ọgọ́rùn-ún ìyára. Nọ́ńbà kejì ni kí á gbà gbọ́. Géèmù The Legend of Zelda: Ocarina of Time, tí ó jáde fún Nintendo 64 ní 1998, kò ju àwòrán 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá rí 20 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ ń wá ohun tí kò sọnù. Bí ìyára bá ti wà ní 100, ògbufọ̀ kò pẹ́.

Ohun mìíràn tí ó jọ èyí ni ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà àti Jàpáánì, ìgbà 60 ni tẹlifíṣọ̀n ń tún àwòrán fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Nàìjíríà tiwa, níbi tí a ti lo ìlànà PAL, ìgbà 50 ni. Ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ṣe fún 60 ni wọ́n kàn kó lọ sí Yúróòpù láìtún wọn ṣe, wọ́n sì fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀ ju bí wọ́n ti rí nílé lọ. Bí ẹ̀dà tí ọmọ ní bá jẹ́ ti Yúróòpù, tí emulator sì ń sọ pé 100 ni ìyára, òtítọ́ ni ó ń sọ. Ẹ̀dà ni kí a béèrè, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n bí ìyára bá wá sílẹ̀ sí 70 tàbí 60 ńkọ́? Nígbà náà ni a óò wá òṣìṣẹ́ tí ó ń pẹ́. Méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ àgbà inú kọ̀ǹpútà: ọpọlọ rẹ̀, tí ń ṣe ìtumọ̀, àti káàdì àwòrán, tí ń yà á sójú awò. Bí eré bá jẹ́ ti àwòrán 60, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ parí àwòrán kọ̀ọ̀kan láàárín ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni yòówù tí ó bá pẹ́ nínú wọn, gbogbo ilé ni yóò dúró dè é.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Internal Resolution sí, kí ẹ dá àwòrán padà sí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ àtijọ́ náà ní, èyí tí wọ́n ń kọ bíi 1x. Bí ìyára bá padà sí 100, káàdì àwòrán ni ó ń pẹ́. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ rántí pé kì í ṣe ìlọ́po méjì ni 2x. Nínú Dolphin, 1x jẹ́ àmì 640 ní ìbú àti 528 ní gígùn. Bí a bá sọ ọ́ di 3x, ìbú di ìlọ́po mẹ́ta, gígùn náà di ìlọ́po mẹ́ta, iṣẹ́ sì di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó gbé ẹrù mẹ́sàn-án ka ọmọ kékeré lórí, kí ó má bi í pé èéṣe tí kò fi rìn kánkán.

Bí a bá ti dá a padà sí 1x tí ohunkóhun kò yí padà, ọpọlọ ni ó ń pẹ́. Kò sí iye tí a fi ra káàdì àwòrán tí yóò wo irú èyí sàn. Ẹ kọ́kọ́ wo iná. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà alágbèéká sì bọ́ sórí bátìrì, ó máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù kí bátìrì lè tọ́jọ́. Ẹ wọ ibi tí a ti ń ṣètò agbára, kí ẹ sọ fún un pé kí ó lo gbogbo agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ooru. Kọ̀ǹpútà tí a gbé ka orí bẹ́ẹ̀dì, tí afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé sí i, àti fóònù tí a ti fi gbá géèmù PSP lórí PPSSPP fún wákàtí kan nínú ooru, àwọn méjèèjì máa ń dẹwọ́ fúnra wọn kí wọ́n má baà jóná. Àmì rẹ̀ ni pé eré á dára ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa falẹ̀ bí ara ẹ̀rọ ti ń gbóná. Ìsinmi àti atẹ́gùn ni oògùn rẹ̀. Ẹ mọ èyí náà: nítorí pé iṣẹ́ ìtumọ̀ kò ṣeé pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ mẹ́rin tí ó yára sàn fún emulator ju èyí tí ó ní mẹ́jọ tí ó lọ́ra lọ. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ń ṣe emulator lè pín in. Nínú PCSX2, tí ó wà fún PlayStation 2, ààyè kan wà tí wọ́n kọ MTVU sí. Ó ń gbé iṣẹ́ ẹ̀yà kan nínú PlayStation 2 fún òṣìṣẹ́ mìíràn, eré á sì yára sí i lórí kọ̀ǹpútà tí ó ní ju ọpọlọ méjì lọ.

Ìfalẹ̀ kan tún wà tí kì í ṣe ìfalẹ̀ tòótọ́, ìta-gìrì ni. Eré ń lọ geere, lójijì ó dúró bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó sì tún ń lọ. Ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì, kò ní í dúró mọ́. Ẹ̀yà tí ń ya àwòrán nínú GameCube lè yí ọ̀nà ìyàwòrán rẹ̀ padà nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Káàdì àwòrán òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí a kọ ìlànà fún òun fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí a sì pèsè rẹ̀ sílẹ̀ kí òun tó lò ó. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní shader. Nígbà tí géèmù bá mú ọ̀nà tuntun jáde, ògbufọ̀ ní láti dá ọ̀rọ̀ dúró, kí ó lọ wo ìwé atúmọ̀. Ní 2017, àwọn tí ń ṣe Dolphin rí ojútùú sí i: wọ́n kọ shader ńlá kan tí ó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀yà náà, bí ó tilẹ̀ wúwo. Òun ni yóò máa bá eré lọ nígbà tí a bá ń pèsè ìlànà kékeré tí ó yẹ lẹ́yìn ilé. Bí ẹ bá rí Hybrid Ubershaders, òun nìyẹn. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá lè gbé e, kí ó ní sùúrù. Bí eré ti ń pẹ́ sí i ni ìta-gìrì ń dín kù. Kí ó má sì jẹ́ kí ó ya òun lẹ́nu bí ó bá padà dé lẹ́yìn tí a bá sọ emulator tàbí driver káàdì di tuntun, nítorí pé àwọn ìlànà tí a ti pèsè tẹ́lẹ̀ lè má wúlò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ọ̀rọ̀ àwòrán tí ó bàjẹ́. Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni à ń sọ̀kò rẹ̀. Orísun àbùkù ni yóò sọ irú àtúnṣe tí ó yẹ.

Àbùkù kan wà tí ó ti wà láti ilé. Nínú géèmù PlayStation àkọ́kọ́, ògiri máa ń gbọ̀n, ilẹ̀ sì máa ń wọ́ bí aṣọ tí a fún. Emulator kọ́ ni ó fà á. Ẹ̀rọ náà kì í fi ìdá kún nọ́ńbà ibi tí igun àwòrán wà lójú awò, kò sì ka jíjìnnà sí nígbà tí ó bá ń na àwọ̀ sára ògiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè tan PGXP nínú DuckStation, ara ògiri á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé òun ti tún ọ̀rọ̀ olùsọ̀rọ̀ ṣe, òun kò wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀.

Àbùkù kejì ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fà nípa fífẹ àwòrán jù. Bí a bá gbé ìwọ̀n sókè tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì hàn láàárín àwòrán pẹlẹbẹ, tàbí tí òjìji yẹ̀ kúrò lẹ́bàá ẹni tí ó ni ín, ẹ dá a padà sí 1x. Bí ó bá lọ, ẹ ti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Àbùkù kẹta wá láti ọ̀dọ̀ driver, ètò kékeré tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti káàdì àwòrán gbọ́ ara wọn. Ẹ sọ ọ́ di tuntun. Ẹ sì dán ọ̀nà mìíràn wò nínú Vulkan, OpenGL àti Direct3D. Bí ọ̀kan bá ń ṣe àṣìṣe tí èkejì kò ṣe é, ọ̀rọ̀ ti yé wa.

Àbùkù kẹrin wà nínú ẹ̀dà géèmù fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tí a dà kọ láìpé kò lè jẹ́ kí ògbufọ̀ kankan sọ òtítọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Redump àti No-Intro ti kó nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀dà pípé jọ, kí olúkúlùkù lè fi wé èyí tí ó dà kọ láti inú àwo tirẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú, ẹ pe ẹlẹ́rìí. Nínú PCSX2, bọ́tìnnì F9 ń gbé iṣẹ́ àwòrán kúrò lọ́wọ́ káàdì, ó ń fi lé ọpọlọ lọ́wọ́. Eré lè falẹ̀ lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Bí àwòrán bá gún níbẹ̀, àbùkù ń bẹ lọ́nà káàdì. Bí kò bá gún, ẹ lọ yẹ ẹ̀dà géèmù wò, tàbí kí ẹ gbà pé emulator kò tíì gbọ́ èdè géèmù náà tán.

Ibí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Nínú Settings, ẹ óò rí àwọn ọ̀nà àbùjá púpọ̀ tí ó ń ṣèlérí ìyára: kí emulator fo àwòrán kan, kí ó má dá ọpọlọ lóhùn bí ó bá béèrè ohun tí ó wà lójú awò, kí ó pa ìṣísẹ̀ kan jẹ. A mọ ibi tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní oṣù kìn-ín-ní 1999, emulator kan tí ń jẹ́ UltraHLE jáde. Ó gbá Super Mario 64 lórí kọ̀ǹpútà ìgbà náà, nígbà tí Nintendo 64 fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ. Kò túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí géèmù ń sọ fún ẹ̀yà tí ń ya àwòrán. Ó kàn gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ, ó sì sọ kókó rẹ̀ fún káàdì. Iṣẹ́ ọpọlọ pípé ni. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan wà tí wọ́n ní ẹ̀ka-èdè tiwọn. Star Wars: Rogue Squadron ti 1998 jẹ́ ọ̀kan, ó pẹ́ kí àwọn ògbufọ̀ tí ń sọ kókó ọ̀rọ̀ tó lè gbá a. Lónìí, irú ẹ̀rọ ìyàwòrán bíi ParaLLEl-RDP, tí ó jáde ní 2020, ti padà sí títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí káàdì tí ó gbọ́ Vulkan.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Igba, igbá, ìgbà: bí ògbufọ̀ bá sọ pé àmì ohùn ń fi àkókò ṣòfò, tí ó sì pa á tì, yóò yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra igbá lè gba ìwé ẹ̀rí pé òun ra igba. Nínú géèmù Super Nintendo tí ń jẹ́ Air Strike Patrol, òjìji ọkọ̀ òfuurufú wà nílẹ̀ nítorí pé géèmù náà ń yí àṣẹ ìyàwòrán padà láàárín ìlà kan ṣoṣo. Emulator tí ó bá ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà kò ní í rí òjìji yẹn. Eré á yára, òjìji á sọnù, ẹni tí kò rí ẹ̀rọ àtijọ́ rí kò sì ní í mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù.

Èyí tí ó burú jù ni pé àṣìṣe lè di òfin. Àwọn olùfẹ́ géèmù kan túmọ̀ géèmù Super Nintendo láti èdè Jàpáánì sí èdè mìíràn, orí ZSNES, emulator tí ó yára ṣùgbọ́n tí kò péye, ni wọ́n sì ti dán iṣẹ́ wọn wò. Nígbà tí wọ́n gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ sórí Super Nintendo gidi, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kọ ìtumọ̀ wọn bá àṣìṣe ògbufọ̀ mu, wọn kò kọ ọ́ bá èdè mu.

Ṣé eré lásán ni gbogbo èyí? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní 2023, Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde pé nínú àwọn géèmù tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, Nintendo ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó wà fún 3DS àti Wii U pa. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan; ògbufọ̀ ni yóò kù. Bí ògbufọ̀ bá jẹ́ opùrọ́, irọ́ ni ọmọ wa yóò jogún. Kóòtù ní Amẹ́ríkà ti dá Connectix láre níwájú Sony ní 2000 pé kò lòdì sí òfin láti kọ́ èdè ẹ̀rọ kan kí a lè ṣe emulator. Èyí kò sọ jíjí géèmù kó di ẹ̀tọ́. Ní 2024, àwọn tí ó ṣe yuzu gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là fún Nintendo, iṣẹ́ náà sì parí síbẹ̀. Ohun tí a rà ni kí á dà kọ.

Kí n tó dánu dúró, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ yẹ ẹ̀dà wò. Ẹ wo ìdá ìyára, ẹ má wo iye àwòrán nìkan. Ẹ dá ìwọ̀n padà sí 1x kí ẹ lè mọ ẹni tí ó ń pẹ́. Ẹ wo iná àti ooru. Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà àbùjá, ẹ fi mọ sí géèmù tí ó nílò rẹ̀ nìkan, ẹ má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.